Àgbàlagbà Tó Fẹ́ Kọ́ Ọkọ̀ Ojú Omi Wíwà



Kókó ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ọdọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhwù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pípín tí ẹ ti mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Ohun tó fà á ni pé àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti ránṣẹ́ sílé pé àwọn ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń wa ọkọ̀ lórí odò Thames. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún, kò sì fi ọwọ́ kan àjẹ̀ rí kó tó di ọdún yìí. Àwọn òbí wọn wá bá wa pé kí a bá àwọn dá wọn lẹ́kun. Ìyá kan bi mí pé, "Àáfà, ṣé iṣẹ́ apẹja ni ọmọ mi fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òyìnbó ni?" Mo ní rárá, mo sì ṣèlérí pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè kà á. Kí a tó dá ènìyàn lẹ́kun ohun kan, ó yẹ kí a mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí omi. Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn, Bàdágírì tàbí ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, ọ̀nà omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àwọn ará ilé wa ń wà yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ yìí. Ọlọ́kọ̀ tiwa kọjú sí ibi tó ń lọ. Àjẹ̀ rẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì lè gbé e láti ọ̀tún sí òsì bó ti wù ú. Níbi tí omi kò bá jìn, á sọ àjẹ̀ sílẹ̀, á fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ.

Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tiwọn kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, ó sì kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, wọ́n sì ti há a sínú ìkọ́ kan tó yọ síta lára ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá fa èkù àjẹ̀ wá sí àyà, ibi pẹlẹbẹ tó wà nínú omi, tí a ó máa pè ní ojú àjẹ̀, á ti omi sí òdìkejì, ọkọ̀ á sì sún. Ẹni tó bá ti fi igi gígùn hú òkúta ńlá nílẹ̀ rí ti mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń jókòó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ara ènìyàn, itan wà lára ibi tó lágbára jù. Ìjókòó inú ọkọ̀ náà ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lábẹ́, ó ń yí síwá sẹ́yìn lórí irin méjì. Bàtà sì wà tí wọ́n ti kàn mọ́ pátákó kan nínú ọkọ̀, inú bàtà yìí ni awakọ̀ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Á ká orúnkún, á ti ojú àjẹ̀ bọ omi, á wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti pátákó náà. Ìjókòó á yí, ẹsẹ̀ á nà, gbogbo agbára itan á sì gba ẹ̀yìn àti apá kọjá sí ara àjẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1870 sí i ni irú ìjókòó tó ń yí yìí ti wà. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ apá bí àwọn tó ń wòran láti etí odò ṣe máa ń rò. Ẹni tó bá fi apá nìkan wà á, kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò sì ní tíì lọ síbì kan.

Ìrísí ọkọ̀ náà tún jẹ́ ohun ìyanu. Èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bí mítà 8, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lọ. Ó fúyẹ́ débi pé òfin ìdíje àgbáyé ní láti sọ pé kò gbọdọ̀ wọ̀n dín ní kílò 14. Àpò ìrẹsì kan ṣoṣo wọ̀n ju mẹ́ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹni mẹ́jọ gùn tó nǹkan bí mítà 17, òfin sì ní kò gbọdọ̀ dín ní kílò 96. Nínú ọkọ̀ kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú àjẹ̀ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Sculling ni wọ́n ń pe èyí. Nínú òmíràn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ méjèèjì mú àjẹ̀ kan ṣoṣo, ti ẹni tó jókòó tẹ̀lé e á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Sweep ni wọ́n ń pe ìyẹn. Wọn kì í gbé ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọkọ̀ tó gbòòrò díẹ̀, tó wúwo díẹ̀, tí kì í tètè mì, ni wọ́n fi ń kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pọ̀. Ní Putney, ilé ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn ọmọ Yunifásítì Oxford àti ti Cambridge ń gbéra nínú ìdíje wọn dé Mortlake, ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní máìlì mẹ́rin. Ọdún 1829 ni wọ́n kọ́kọ́ díje, ní Henley. Ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń gbé nítòsí, wọ́n tún ń wa ọkọ̀ nínú Royal Albert Dock, èbúté àtijọ́ tí omi rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ibi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí ẹ̀rù odò tó ń ṣàn ń bà.

Àwọn kan á ní eré àwọn olówó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn nídìí. Àwọn tó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí ní odò Thames kì í ṣe olówó rárá, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé èrò sọdá ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ tiwa. Láti ọdún 1715 ni ìdíje kan ti wà fún àwọn ọmọṣẹ́ wọn, tí òṣèré orí ìtàgé kan tó ń jẹ́ Thomas Doggett dá sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Nígbà tó yá ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá gba eré náà, wọ́n sì ṣe òfin pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ agbára jẹun, ìbáà ṣe bíríkìlà tàbí alágbàṣe, kò lè bá àwọn díje. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, John B. Kelly, tó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí, fẹ́ lọ díje ní Henley ní ọdún 1920, wọn kò gbà á. Ọdún náà kò parí tó fi gba góòlù nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Antwerp. Ọdún 1937 ni Henley tó mú òfin ẹ̀gàn yẹn kúrò. Lónìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, lébìrà, gbogbo wọn ló wà nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò sì nílò láti ra ọkọ̀. Ti ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn ń lò. Owó ẹ̀kọ́ ni àkọ́bẹ̀rẹ̀ ń san, bó bá sì fẹ́ dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́, á máa san owó ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti lọ, ní òpin ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ni, púpọ̀ nínú wọn kì í sì gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wọn gbé ọkọ̀ jáde, kó bá wọn fọ̀ ọ́, kó sì bá wọn gbé e padà sórí àgbékọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ tán tó wá ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kiri nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ẹrù, wọ́n á ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí fi etí sí: ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ omi wẹ̀ kò ní ohun tó ń wá nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àjọ tó ń ṣàkóso eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Rowing, ní ìlànà lórí rẹ̀: kí ènìyàn lè wẹ̀ tó mítà 50 pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ lára, kó lè dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú méjì láìdi nǹkan mú, kó sì lè gba abẹ́ omi wẹ̀ tó mítà 5. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ní ìdí: bí ọkọ̀ bá dojú dé mọ́ ènìyàn lórí, abẹ́ rẹ̀ ló máa gbà jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ọmọ kì í sún mọ́ odò. Ìkìlọ̀ náà dára fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n a dàgbà tán, a ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, a sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ti lé ní ogójì ọdún yẹn kọ́kọ́ lo oṣù púpọ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àdúgbò rẹ̀, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, kó tó lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀. Ní tèmi, bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló rí mú nínú gbogbo rẹ̀, kò pàdánù.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni ti láífù jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí tó rí àwòrán ọmọ wọn nínú ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì kankan bẹ̀rù gidigidi, wọ́n sì jàre, nítorí nílé wa ohun tí a fi ń mọ ọkọ̀ tí kò léwu nìyẹn. Àlàyé rẹ̀ rèé. Àjẹ̀ ń wá sí àyà awakọ̀ ní gbogbo ìgbà. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn á máa dí i lọ́wọ́, èkù àjẹ̀ sì lè há sí i. Dípò rẹ̀, wọ́n ṣe ọkọ̀ náà lọ́nà tí atẹ́gùn fi wà ní pípadé nínú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bó tilẹ̀ kún fún omi, á ṣì léfòó. Àjẹ̀ fúnra rẹ̀ ń léfòó. Olùkọ́ sì máa ń tẹ̀lé àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, òun sì wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń darí ọkọ̀, tí kì í fa àjẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ronú sí èyí jinlẹ̀: bó bá jẹ́ irú ọkọ̀ tí adarí ń dùbúlẹ̀ sí nínú ihò tóóró níwájú, wọn kì í fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń wú fúnra rẹ̀ bí omi bá kàn án, nítorí ó lè wú mọ́ ọn lára kó sì há a mọ́ inú ihò náà. Èyí tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa fa okùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde ni wọ́n ń fún un. Lára bàtà inú ọkọ̀ náà, okùn kan wà tó di gìgísẹ̀ bàtà mú sílẹ̀, kó lè rọrùn fún ẹsẹ̀ láti yọ jáde bí ọkọ̀ bá yí. Bọ́ọ̀lù funfun kékeré tó wà lórí ṣóńṣó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kí ṣóńṣó náà má baà gún ẹlòmíràn ni.

Bí ọkọ̀ bá wá dojú dé ńkọ́? Òfin kan ló wà: má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀. Dì í mú, gun orí rẹ̀ bí o bá lè gùn ún, kí o sì dúró de olùkọ́. Èyí tó ń pa ènìyàn jù ni kó rò pé etí odò kò jìnnà, kó sì wẹ̀ lọ. Omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù, pàápàá láti òpin ọdún títí dé ìgbà ìrúwé, kò sì jọ omi ọ̀sà wa rárá. Bí ènìyàn bá já sínú omi tútù bẹ́ẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ á máa gé ní ìṣẹ́jú kìíní, kò ní lè dá a dúró, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, á mu omi. Kó di nǹkan mú, kó jẹ́ kí èémí náà rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé mọ́ wọn, kí ó má baà jẹ́ pé inú odò ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní erg. Ó ní ìjókòó tó ń yí, ó ní pátákó ẹsẹ̀, ó sì ní ẹ̀wọ̀n tí a ń fà tó ń yí fáànù kan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti ilé-iṣẹ́ Concept2 ti Amẹ́ríkà, tó ti ń ṣe é láti ọdún 1981. Lára fáànù náà, nọ́ńbà wà láti 1 dé 10. Gbogbo ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ń gbé e sí 10, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni agbára wà. Olùkọ́ á dá a padà sí 3 tàbí 4. Nọ́ńbà yẹn kò ju bí gíá kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni tó bá fà á ní 10 láìmọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà á.

Ìfà kọ̀ọ̀kan ní ètò, ètò yìí sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé. Nígbà tí a bá ń fà: ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tì, lẹ́yìn náà ni ara á fà sẹ́yìn láti ìbàdí, apá ni yóò ká gbẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ń padà lọ mú ìfà mìíràn, a ó yí i padà: apá ni yóò kọ́kọ́ nà, ara á tẹ̀ síwájú, orúnkún ni yóò ká gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀, ara, apá. Apá, ara, ẹsẹ̀. Ọmọ iléèwé wa tó ti mọ ètò sàrífù, tó mọ̀ pé a kì í gbé lẹ́tà kan ṣáájú èkejì bó ti wù wá, kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí orúnkún ti ga sókè kí apá tó nà. Èkù àjẹ̀ á wá máa gbá orúnkún, awakọ̀ á sì máa gbé e fò ó bí ẹni ń fo gọ́tà. Èkejì ni ìkánjú. Ìlọ ló yẹ kó yá, kí àbọ̀ rọra, nítorí nígbà tí a ń padà lọ ni ọkọ̀ ń sáré lábẹ́ wa. Àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ kì í fà ju nǹkan bí 18 sí 22 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni omi. A kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí ó fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ lè lu ú. Pátákó kékeré kan wà tí a máa tẹ̀, a ó fi ọwọ́ kan di èkù àjẹ̀ mú, a ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Ní kété tí a bá jókòó ni a ó mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò dúró fúnra rẹ̀. Àjẹ̀ tó nà sí ọ̀tún àti òsì ló mú un dúró, bí apá ẹni tó ń rìn lórí okùn. Ẹni tó bá ju èkù àjẹ̀ sílẹ̀ láti nu òógùn ojú ti pe omi fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tó kù. Ojú àjẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lóòró nígbà tó bá ń wọ omi, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tó bá ń fò padà lókè omi kí atẹ́gùn má baà dí i. Ọrùn ọwọ́ ló ń yí i. Bí ojú àjẹ̀ bá tẹ́ nígbà tó yẹ kó dúró, omi á gbà á mú, kò ní jẹ́ kó jáde, èkù rẹ̀ á sì gbá awakọ̀ láyà. Òyìnbó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú akàn. Kò sí ẹni tí kì í mú akàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, akàn tí a kò lè fi sè ọbẹ̀. Ọwọ́ á lé róró, kí á wẹ̀ ẹ́, kí á bò ó. Omi odò ní kòkòrò, nítorí náà egbò gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun.

Nínú ọkọ̀ ẹni mẹ́jọ àti nínú àwọn ọkọ̀ ẹni mẹ́rin kan, adarí wà tí wọ́n ń pè ní cox. Òun nìkan ló rí iwájú, òun ló ń tọ́ ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ni gbogbo àṣẹ ti ń jáde. Bó bá ní "easy oar," gbogbo ènìyàn á dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ní "hold it up," wọ́n á ti ojú àjẹ̀ bọ omi láti dá ọkọ̀ dúró, nítorí nǹkan wà níwájú. Nítorí pé ara fífúyẹ́ dára fún iṣẹ́ yìí, cox lè jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́rin nílé lè wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, kò sì ní ráyè bi í pé ọmọ ta ni. Ní tòótọ́, ibí yìí ló ń le jù fún àwọn àgbà wa, ó le ju ìléróró lọ. Àwa tí wọ́n ń kí ní ìdọ̀bálẹ̀, tí a wá ń gbọ́ "nọ́ńbà mẹ́ta, o ti pẹ́ jù" lẹ́nu ọmọdé! Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí iwájú kò lè bá ẹni tó rí iwájú jiyàn.

Wọ́n á ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òwe náà kò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni ó ń sọ, kò sọ pé kí àgbà má kọ́ nǹkan mọ́. Nínú eré yìí, ìdíje wà fún àwọn àgbà láti ẹni ọdún 27 lọ sókè, tí wọ́n pín ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí, títí dé àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àgbà tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ẹ̀yìn dídùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó ń dá àgbà dúró kì í sábà jẹ́ ara. Ọmọdé máa ń fi ojú kọ́ ọ, àgbà ń fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, àlàyé náà sì máa ń pẹ́ kó tó dé ẹsẹ̀.

Àwọn mùsùlùmí tó ń gbé níbẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìrun. Aṣọ tó fẹ̀ léwu nínú ọkọ̀ yìí, nítorí ó ń há sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ìjókòó. Aṣọ ìdíje wọn sì fún mọ́ ara. Ṣùgbọ́n ìdíje nìkan ni ti aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń kọ́ lè wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn tí kò fẹ̀ jù tó bo ìdí, bí kò bá ti gùn dé ibi irin. Àwọn obìnrin sì ní ọkọ̀ tiwọn àti àkókò tiwọn nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n kàn ní láti béèrè ni. Ní ti ìrun, kí ènìyàn sọ fún olùkọ́ ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá dé àárín odò.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó mọ oṣù òṣùpá á tètè lóye rẹ̀ ju àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ. Omi òkun ń wọ inú Thames ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń fà padà, títí kọjá Putney dé Teddington. Láti ìgbà tí omi bá kún dé ìgbà tó tún máa kún tó nǹkan bíi wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú 25. Èyí ló fi jẹ́ pé lójoojúmọ́, àkókò rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Nítorí náà ni àkókò wíwa ọkọ̀ kì í dúró sójú kan, gẹ́gẹ́ bí àkókò ìrun náà kì í ti í dúró sójú kan. Òṣùpá ló ń fà á. Ní àyíká ìgbà tí oṣù bá lé àti ìgbà tó bá pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, omi máa ń kún ju ti ìyókù lọ, ó sì máa ń yára ju ti ìyókù lọ, débi pé ó lè bo ojú títì etí odò ní Putney mọ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ níbẹ̀ ń wo ìwé tí wọ́n ti tẹ ìṣirò rẹ̀ sí. Ẹni tó ti ń ka ọjọ́ Rajab àti Sha‘bān bọ̀ láti kékeré kàn máa wo ọjọ́ oṣù ni, á sì ti mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yìí omi máa le.

Nàìjíríà náà ti ní àwọn tó wà á dé ibi gíga. Chierika Ukogu ló kọ́kọ́ ṣojú orílẹ̀-èdè wa nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì, ní Rio lọ́dún 2016. Esther Toko tẹ̀lé e nínú Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, àwọn nìkan ló sì dá wà nínú ọkọ̀ wọn.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá sọ pé òun ti wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kó bi í pé: ṣé o mọ omi wẹ̀, mítà mélòó? Ṣé wọ́n ti dojú ọkọ̀ dé mọ́ ọ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́? Ṣé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń tẹ̀ lé yín? Kí lo máa ṣe bí o bá já sómi? Bí ìdáhùn rẹ̀ sí ti ìkẹyìn bá jẹ́ pé òun á wẹ̀ lọ sí etí odò, nígbà náà ni kó bá a wí.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́, tí a ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Èkó tàbí láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ọjà? Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. A kò fa àjẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò mọ omi wẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé wa sì lè rì. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ṣe dandan fún wa, fún ọmọdé àti àgbà. Kí a tó jókòó, kí a yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé okùn rẹ̀ pé, ṣé ìdè rẹ̀ ń dè, ṣé kò ya, ṣé ó bá ọmọ tí a gbé lọ́wọ́ mu. Kí a dè é mọ́ra, kí a má fi í lé èjìká lásán tàbí kí a jókòó lé e. Bí okùn rẹ̀ bá ti já, ẹ dá a padà fún ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì gba òmíràn kó tó tú ọkọ̀ kúrò ní èbúté.